Ọdún Tí Ìyá Àgbà Kò Bá Mi Ṣe Iṣẹ́ Ọwọ́ Mọ́

Ṣáájú ọdún tí mò ń sọ yìí, kò sí ọmọ kan ní ilé ìwé wa ní Ọ̀kà tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ìyá àgbà wa ló ń ṣe é. Bí táàmù bá ti ń parí lọ, tí tíṣà bá ti kọ ọ́ sójú pátákó pé kí kálukú mú iṣẹ́ ọwọ́ wá, a ó kàn délé sọ fún àgbà ni, àgbà á sì ṣe é. Ẹni tí ìyá rẹ̀ àgbà mọ ìgbálẹ̀ dì á mú ìgbálẹ̀ wá. Ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà mọ agbọ̀n hun á gbé agbọ̀n. Ti èmi, ẹní ni. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú, ló ń hun ẹní tó dára jù ní gbogbo àdúgbò wa, ẹ má rò pé mò ń pọ́n ọn. Tíṣà á tú ẹní náà, á wò ó, á wò mí, á tún wo ẹní, á ní, "Fólúkẹ́, ìwọ lo hun èyí?" Èmi á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ogún nínú ogún. Tó bá di ọjọ́ tí a lọ bá tíṣà pọnmi, a ó bá ẹní yẹn ní pálọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á ti sùn lọ fọnfọn lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó rò pé irọ́ ni à ń pa. Bí a ṣe bá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ láyé nìyẹn, a ò sì bi ẹnikẹ́ni ní ìdí rẹ̀.

Orí òkè ni agbo ilé wa wà, níbi tí ọ̀nà ti ń yí àpáta po kó tó wọ ìlú. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù débi pé àlejò tó bá sùn mọ́jú lọ́dọ̀ wa á máa bèèrè aṣọ ìbora kejì. Kò sí aago nílé, etí ni a fi ń mọ àkókò. Láàárọ̀, ìgbálẹ̀ lórí ilẹ̀. Lọ́sàn-án, ewé ẹní tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà lábẹ́ àtíbàbà. Nírọ̀lẹ́, odó. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn odó ní Ọ̀kà nírọ̀lẹ́, a jẹ́ pé kò sí nílé. Òtìlí la sábà máa ń jẹ, ẹ̀wà kéékèèké tí kì í tètè jinná. Àárọ̀ la ti ń gbé e kaná, èmi ni mo sì ń ṣa òkúta inú rẹ̀. Bí òkúta kan bá bọ́ lọ́wọ́ mi tó lọ pàdé eyín Ìyá Àgbà, á dáwọ́ oúnjẹ dúró, á ní, "Fólúkẹ́, o fẹ́ kí n máa fi èrìgì jẹun." Èmi náà ni mo ń pọnmi, èmi ni mo ń yí ata tí a sá sórí àpáta, tí mo sì ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀. Mo kùn nígbà náà. Lónìí tí mo ní ẹ̀rọ omi nínú ilé, ata sísá yẹn ni mo máa ń rántí, bí àpáta ṣe ń gbóná mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi.

Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìkàrẹ́, ìyá mi ń ta aṣọ lọ́jà níbẹ̀, àwọn àbúrò mi sì wà lọ́dọ̀ wọn. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ni wọ́n fi sílẹ̀ fún Ìyá Àgbà kó má baà dá wà. Lọ́jọ́ Sátidé, a ó ti gbọ́ alùpùpù bàbá mi láti ìsàlẹ̀ òkè, á máa hó bọ̀, á máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ ní kọ́nà, títí bàbá fi máa yọ. Ènìyàn ńlá ni bàbá mi, ó sanra, ó sì fẹ́ràn aṣọ funfun, funfun tí ọwọ́ ọbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kàn. Kó tó bọ́ sílẹ̀ ló ti ń bèèrè, "Ipò wo lo gbà?" Bó bá jẹ́ ipò tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, búrẹ́dì á tètè jáde nínú báàgì. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, búrẹ́dì á ṣì jáde, ṣùgbọ́n ìwàásù ló máa ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ipò yìí náà ló ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwé wa. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, òṣùwọ̀n wà nínú rẹ̀, ayùn, òòlù, irin tó ń fa ìṣó mọ́ra, àti awò tó ń sọ èèrà di ńlá. Àwọn tó bá gba ipò kìíní sí ìkẹta nìkan ló ń fọwọ́ kàn wọ́n. Àwa yòókù á máa gé koríko ní àkókò yẹn. Mo gba ipò kẹrin nígbà kan. Mo fi imú lẹ fèrèsé ọ́fíìsì, mò ń wo àwọn mẹ́ta tí wọ́n kó èèrà sábẹ́ awò, inú bí mi débi pé mo gé koríko mọ́ òdòdó ọ̀gá àgbà.

Ọdún tí mo wọ kíláàsì kẹrin ni wọ́n gbé ọ̀gá àgbà tuntun wá fún wa, obìnrin kan láti Ọ̀bà-Àkókó. Ó kúrú, ó dúdú, ó máa ń fi pẹ́ńsùlù há irun bí ẹni fi òòyà há a. A ń pè é ní Màdáámù lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, Fọwọ́-Ara-Rẹ-Ṣe-É ni. Bí orúkọ yẹn ṣe dé nìyí. Ó kéde pé kí gbogbo wa múra iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Àwa sì múra. Lọ́jọ́ náà, ẹni ẹlẹ́ni ò ní rọ́nà kọjá níwájú ilé ìwé: agbọ̀n, ìgbálẹ̀, ẹ̀rú ọkọ́, abẹ̀bẹ̀, gbogbo rẹ̀ tuntun, gbogbo rẹ̀ ń dán. Màdáámù wò wá yíká. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú ẹní mi. Ó ní, "Ó mà dára o. Ta ló hun ún?" Mo ní èmi ni, mà. Ó na ewé díẹ̀ sí mi. Ó ní, "Jókòó, ọmọ mi, bá mi hun ìwọ̀n ìka mẹ́ta péré." Mo jókòó. Mo yí ewé yẹn síwá, mo yí i sẹ́yìn, n kò mọ èwo ni orí, èwo ni ìdí. Ó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó lọ bá ẹlẹ́gbẹ́ mi tó ń jẹ́ Mùtíù, tó gbé ìgbálẹ̀ dání. Mùtíù kò jẹ́ kó bèèrè. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú mà! Ìyá ìyá mi ló dì í. Èmi ni mo gbé e wá."

Màdáámù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ìyẹn gan-an ló yà wá lẹ́nu, nítorí ẹgba la ti ń retí. Ó ní kí a kó gbogbo rẹ̀ padà sílé, kí a bá òun kí àwọn àgbà, kí a sọ fún wọn pé wọ́n ṣe ipò kìíní, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ wọn ló wà nínú ìwé òun. Lẹ́yìn náà ó wọ ọ́fíìsì, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ẹni tó gba ipò kìíní àti ẹni tó gba ìkẹyìn ni wọ́n jọ máa fọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa jókòó ṣe é. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí ẹní Ìyá Àgbà wà lábíyá mi, mo sì gbọ́dọ̀ gbé e padà fún un.

Ìyá Àgbà rí mi lókèèrè, ó rí ẹní. Ó dìde. "Kí ló ṣe é? Uṣẹ́ ọwọ́ mi ò dáa mọ́?" Uṣẹ́ ni àwọn àgbà wa ń pe iṣẹ́, ulé ni wọ́n ń pe ilé, bàbá mi sì máa ń kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Mo ṣàlàyé títí. Kò wọlé. "Ọmọ kékeré bí ìwọ, kí lo fẹ́ fọwọ́ ara rẹ ṣe? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Ulé ùwé yẹn ti bà jẹ́." Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ mìíràn pé, ó gba ọ̀já mọ́ra, ó tẹ̀lé mi láti lọ bá Màdáámù jà. Màdáámù kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un lábẹ́ máńgòrò. "Ẹ jókòó, Ìyá. Ẹ máa wò wọ́n. Ohun kan ni mo bẹ̀ yín, ẹ má bá wọn fọwọ́ kàn án."

Kò tíì sí iṣẹ́ tó le tó ìyẹn láyé Ìyá Àgbà. Àwọn ọmọ kan ń hun ẹní níwájú rẹ̀, wọ́n ń kọjá níbi tó yẹ kí wọ́n wọlé, Ìyá Àgbà ń yí lórí àga bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ. "Dá a padà! Ìsàlẹ̀ ni, ìsàlẹ̀!" Bó bá ti nawọ́, Màdáámù á kàn wò ó, Ìyá Àgbà á sì fa ọwọ́ padà. Nígbà tó yá, ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìró, ó jókòó lé wọn. Ó gbàgbé ìjà tó torí rẹ̀ wá. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀ mélòó kan sí i, àwọn ìyá àgbà ti ń wá lọ́pọ̀, wọ́n á tò sábẹ́ máńgòrò, gbogbo wọn á kó ọwọ́ sábẹ́ ìró, ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi, wọ́n máa ń rò pé mò ń fi iyọ̀ sí i ni.

Kò sí ẹni tí Ọjọ́bọ̀ kò kàn. Àwọn kan gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀, wọ́n ń fi rúlà wọn bó ṣe ń ga. Àwọn kan gbé iṣu sórí òṣùwọ̀n, wọ́n ń jiyàn èwo ló wúwo jù kí wọ́n tó wò ó. Àwọn kan ń mọ amọ̀. Mùtíù ní oúnjẹ ni òun fẹ́ sè. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n ó kó òtìlí kaná, ó sì jó o mọ́ ìkòkò débi pé àwọn ẹyẹ kúrò lórí igi. Màdáámù bi í léèrè ohun tó rò pé ó ṣẹlẹ̀. Ó ronú, ó ní òun lọ wo ibi tí wọ́n ti ń wọn iṣu ni. Èmi, pákó ni mo mú. Láti ọjọ́ tí mo ti fi imú lẹ fèrèsé ni ayùn yẹn ti wà lójú mi. Ọmọ káfíńtà ni Màdáámù fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló fi dì mọ́ ọwọ́ mi nígbà tí mo kọ́kọ́ fa ayùn, ó sì ti jọ̀wọ́ rẹ̀ kí n tó mọ̀. Òórùn igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, kò sí òórùn tó dùn tó o. Àpótí ìjókòó ni mo ní mo fẹ́ kàn. Mo fi òòlù lu àtàǹpàkò. Mo gé ẹsẹ̀ kan kúrú, mo gé àwọn yòókù kí wọ́n lè bá a dọ́gba, wọ́n kò dọ́gba, mo tún gé wọn, títí àpótí fi fẹ́ẹ̀ di àwo. Mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìdajì àti ìdámẹ́rin tí tíṣà ti fi ẹgba kọ́ wa láti kíláàsì kejì, orí pákó yẹn ni wọ́n ti yé mi. Ayọ̀ tó wà lára mi lásìkò náà pọ̀ débi pé mò ń fi sùn, mo fi ń jí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, alùpùpù hó gun òkè, bàbá mi yọ, kò sì bèèrè ipò. Ó ní, "Ìyá, òótọ́ ni ohun tí mo gbọ́ ní Ìkàrẹ́? Wọ́n ní ọmọ mi obìnrin ń di káfíńtà."

Ìyá Àgbà ní, "Àpótí ló ń kàn. Àpótí kò pa ẹnikẹ́ni."

"Mo fi ìwé gba ara mi lọ́wọ́ ọkọ́ àti àdá, Ìyá. Ẹ̀yin náà mọ bí ọwọ́ mi ṣe rí nígbà náà. Ẹ wá fẹ́ kí ọmọ mi fi ìwé sílẹ̀, kó lọ mú òòlù? Tí táàmù yìí bá parí, ó ń bọ̀ ní Ìkàrẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kàwé."

N kò kórìíra Ìkàrẹ́, ṣùgbọ́n àpótí mi kò ní ju ẹsẹ̀ méjì lọ nígbà náà, Ìyá Àgbà kò sì ní ẹlòmíràn nílé. Mo gbé òtìlí, mo ń ṣa òkúta, omijé ń kán sí i. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba bàbá mi, kì í ṣe ìbínú. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló gbà sá kúrò nínú ìyà, ó sì rò pé ayùn ni yóò dá mi padà sí ibi tí òun ti sá wá. Lọ́jọ́ yẹn, ìkà lásán ni mo kà á sí, n kò sì jẹ nínú búrẹ́dì rẹ̀. Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀ nígbà tó ń dáná alẹ́. "Délé, ọmọ rẹ ni, mi ò bá ọ du u. Ṣùgbọ́n wọ́n máa pàtẹ uṣẹ́ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń parí táàmù. Wá wò ó ná. Tó o bá wò ó tán, tó o ṣì fẹ́ mú un lọ, màá di ẹrù rẹ̀ fún ọ." Bàbá mi ní òun máa wá, nítorí ó yẹ kí òun náà sọ fún ọ̀gá àgbà pé òun ń mú mi kúrò.

Mo kan àpótí yẹn bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Mo fẹ́ kí bàbá mi rí i, kó sì gbà. Ọjọ́ náà pé. Agbádá funfun ni bàbá mi wọ̀ wá. Màdáámù sì ti ṣe òfin tirẹ̀: ohun tí ọmọ bá ṣe, ará ilé rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lò ó níwájú gbogbo ayé. Ẹni tó mọ ife amọ̀, ìyá rẹ̀ fi mu omi, omi ń jò sí i láyà, ó ní omi náà dùn. Bàbá kan fi ìgbálẹ̀ ọmọ rẹ̀ gbálẹ̀, ọ̀pá ìgbálẹ̀ ń já lọ lẹ́yìn rẹ̀, ó fi kún iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Òtìlí Mùtíù jinná. Ìyá ìyá rẹ̀ jẹ ẹ́, ó gbé abọ́ sókè, ó bèèrè èkejì, gbogbo ilé ìwé hó yèè. Nígbà náà ni Màdáámù pe orúkọ mi. Mo gbé àpótí jáde, mo gbé e síwájú bàbá mi.

Ó wò ó. Ó wo ara rẹ̀. "Èmi? Lórí èyí?"

"Bàbá Fólúkẹ́, ẹ jókòó!" Àwọn òbí ti ń pàtẹ́wọ́. Ó kó agbádá jọ, ó rọra sọ̀kalẹ̀, bí ẹni tó ń jókòó lé ẹyin. Àpótí kùn díẹ̀, ó dákẹ́. Ó gbà á. Bàbá mi gbójú sókè, ẹ̀rín fẹ́ẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀, ó yí díẹ̀ láti wo Ìyá Àgbà, a sì gbọ́ wáá! Bàbá mi ti wà nílẹ̀, agbádá bò ó lórí.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bàbá mi yọ orí nínú agbádá, ó sì wo ẹ̀yìn lóòótọ́. Èmi ni ó rí níbẹ̀. Mo ti sáré, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àpótí ni mo sáré lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ti dojú rẹ̀ dé, mo ti ń fi ìka tọ ibi tó là. Mo gbọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ sókè, n kò mọ ẹni tí mò ń bá sọ ọ́. "Ìṣó yìí ni. Mo kàn án sún mọ́ etí jù, òun ló la pákó."

Bàbá mi kò dìde. Ó fà mọ́ mi lórí ilẹ̀ tó wà. Ó ní, "Ẹsẹ̀ tó kọjú sí i ńkọ́? Òun kò là."

"Ìyẹn, mo kàn án sínú dáadáa, sà. Bí mo bá tún un kàn, màá fi ìka méjì fún un láti etí. Màá sì fi igi ìdábùú so àwọn ẹsẹ̀ pọ̀, kí wọ́n má baà ya."

"Igi náà á tó?"

"Á tó, á tún kù." Mo fi ìka wọ̀n ọ́n sórí ilẹ̀ fún un, gígùn àpótí, ìdajì rẹ̀, ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Ó bá mi jiyàn. Ó ní mo gbàgbé ìnípọn ẹsẹ̀ tọ̀tún àti tòsì. Mo wò ó, òótọ́ ló sọ, mo pa á rẹ́, mo tún un wọ̀n. Ó fi ìka tirẹ̀ kún un. Mi ò bá bàbá mi jókòó nílẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó bi mí rí tí kì í ṣe ipò. Ìyá Àgbà ni kò lè fara dà á mọ́. "Délé, dìde nílẹ̀, ayé ń wò ọ́!" Bí bàbá mi ṣe gbójú sókè tó rí gbogbo ojú yẹn, ẹ̀rín gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, gbogbo ilé ìwé sì bá a rẹ́rìn-ín.

Màdáámù wá nà á lọ́wọ́, ó dìde. Erùpẹ̀ pupa kún ìdí agbádá funfun. Màdáámù ní, "Bàbá Fólúkẹ́, Ìyá ní ẹ ní ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ bá mi sọ."

Bàbá mi wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó he ẹsẹ̀ àpótí tó jábọ́, ó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ nù, ó sì fi í lé mi lọ́wọ́.

"Kò sí ọ̀rọ̀ kankan mà." Ó yíjú sí mi. "Tún un ṣe dáadáa. Táàmù tó ń bọ̀, èmi náà ni mo máa wá jókòó lé e."

Ìyá Àgbà bú sẹ́kún lórí àga tó wà, ẹkún ayọ̀. N kò tilẹ̀ rántí kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Mo ti ń wá òòlù.